Òjò Tí Àwọn Bàbá Wa Kò Rí

Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ tán, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń gba Ọjà Igbó kan nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé ká gbin àgbàdo báyìí, àbí ká ṣì ní sùúrù? Ẹni tó bá kánjú gbìn, òjò lè dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí oòrùn sì jó àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù pa. Ẹni tó bá fà á jù, ẹ̀ẹ̀rùn lè bá àgbàdo rẹ̀ lóko kó tó gbó. Àwọn àgbẹ̀ tó gbé iṣu wá tà á dá sí i, àwọn ìyá elélùbọ́ náà á dá sí i, kálukú á sì fi àgbà tirẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀kan á ní láyé bàbá òun, òjò kì í pẹ́ tó báyìí. Òmíràn á ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ọdún kan wà tí wọ́n retí òjò títí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú wọn.

Mo gba àwọn méjèèjì gbọ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìrántí tí wọ́n ń fà yọ kò jìn. Ìrántí bàbá ẹni, ká fi ti bàbá bàbá ẹni kún un, bóyá ni yóò fi ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Bẹ́ẹ̀ ìrìn òjò gùn ju ọjọ́ orí ènìyàn lọ fíìfíì. Òjò lè bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù nígbà tí wọ́n ń bí bàbá bàbá ẹni, kó máa dínkù lọ títí dìgbà tí ọmọ-ọmọ yóò fi kú, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì mọ̀ pé inú ọ̀dá lòun gbé gbogbo ayé òun. Ọ̀rọ̀ yìí ló sún mi dé ìdí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún kan tó wà nítòsí Kùmásì, ní orílẹ̀-èdè Gánà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bosumtwi.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ló kan ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ nínú omi Kùmásì. Agbo ilé tí kò ní ẹni tó ti ṣòwò ní Gánà rí ṣọ̀wọ́n nílùú wa. Kí òyìnbó tó gbé ìjọba sílẹ̀ fún wọn làwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí ti kún ọjà Kùmásì àti Tamale. Ìyá bàbá mi wà lára wọn; aṣọ ni wọ́n ń tà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n kó ohun tí apá wọn ká, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó bá rí i, wọ́n padà sílé. Títí tí wọ́n fi kú, Ìyá Kùmásì làdúgbò ń pè wọ́n.

Ọ̀rọ̀ òjò ọ̀hún kì í tán lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní òjò Kùmásì kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé tiwa níbí ń ṣe ojo. Wọ́n tún máa ń sọ̀rọ̀ adágún kan tí àwọn Àṣáńtì ń bọ̀wọ̀ fún, tí irin kò gbọdọ̀ kan omi rẹ̀, tí apẹja kì í gbé ọkọ̀ wọ̀. Pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n ń jókòó lé, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń wà á. Ìgbà tí mo dàgbà tí mo rí orúkọ Bosumtwi nínú ìwé àwọn onímọ̀ ni mo tó mọ̀ pé adágún Ìyá Kùmásì ni wọ́n ń sọ.

Ó lé ní mílíọ̀nù kan ọdún sẹ́yìn tí òkúta ńlá kan já láti ojú ọ̀run, tó sì gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ tó kìlómítà 10.5 síbẹ̀. Omi òjò ló dúró sínú kòtò yìí. Adágún náà fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 8 lónìí, ó sì jìn ju mítà 70 lọ. Odò kankan kì í ṣàn jáde nínú rẹ̀. Òjò tó rọ̀ sójú omi àti èyí tó ṣàn wálẹ̀ láti ara òkè tó yí i ká nìkan ló ń wọlé. Oòrùn nìkan ló ń mú omi jáde. Bí òjò bá pọ̀, omi á ga. Bí òjò bá dínkù, omi á fà. Nǹkan tó ṣọ̀wọ́n nìyẹn, torí pé ọ̀pọ̀ adágún ló ní ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà jáde, tàbí odò tó ń gbé omi ibòmíràn wá dàrú mọ́ ọn.

Ìsàlẹ̀ omi náà tún ní nǹkan tirẹ̀. Atẹ́gùn ọ́síjìn kì í dé ibẹ̀, nítorí náà kò sí ekòló tàbí kòkòrò tí yóò gbẹ́ ẹrẹ̀ náà rú. Ṣé ẹ mọ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣe máa ń sùn sí ìdí àmù tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án? Bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ Bosumtwi ṣe ń sùn: ti ọdún yìí lé orí ti èṣí, ti èṣí lé orí ti ìdúnta, lọ títí.

Lọ́dún 2004, àjọ àgbáyé tó ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ICDP, gbé ẹ̀rọ sórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan láàárín omi náà. Christian Koeberl ti Yunifásítì Vienna wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ náà. Wọ́n ti páìpù bọ inú ẹrẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, ó tó mítà 294 kó tó kan àwókù òkúta tí ohun tó já láti òkè fọ́. Gbogbo mítà 294 yẹn, ẹrẹ̀ tó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí adágún ti dá ni.

Bí wọ́n bá gbé irú páìpù bẹ́ẹ̀ dókè, gígùn ni wọ́n ń là á sí méjì, ọ̀kan fún ìpamọ́, ọ̀kan fún iṣẹ́. Inú rẹ̀ kì í ṣe ẹrẹ̀ ṣákálá. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni, dúdú kan, èyí tó mọ́ díẹ̀ kan, dúdú kan, òmíràn kò nípọn tó èékánná ọwọ́. Ẹni tó ń kà á á tẹ orí bá a, á máa fi ẹ̀rọ asọhun-kékeré-dńlá wo ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, á máa kà wọ́n bọ̀ láti òkè. Mo ti wo àwòrán wọn pẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ọ̀kan nínú àwọn ìlà wọ̀nyẹn ni ọdún tí ìyá bàbá mi dé Kùmásì. Ìlà kan ni ọdún tí wọ́n lé wọn. Ilẹ̀ tó ṣàn wọnú omi lọ́dún náà wà níbẹ̀, ewé tó já bọ́ wà níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ka òjò níbẹ̀ ló wù mí jù. Èkíní ni ẹfun tó ń dì fúnra rẹ̀ nínú omi, tó sì ń rì sísàlẹ̀. Omi ní ọ́síjìn tó fúyẹ́, ó sì ní èyí tó wúwo díẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá ń fa omi, èyí tó fúyẹ́ ló ń tètè gbéra. Èyí tó wúwo á ṣẹ́kù. Nítorí náà, ẹfun tó bá dì ní ìgbà ọ̀dá á wúwo ju ti ìgbà òjò lọ. Èkejì ni ìda tó máa ń bo ara ewé. Ìda yìí kì í tètè jẹrà. Ó lè wà nínú ẹrẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Omi òjò tí igi mu ló fi ṣe ìda náà, háídrójìn inú rẹ̀ sì ń sọ bóyá òjò ìgbà yẹn pọ̀ tàbí kò pọ̀. Igi ti kú, ẹni tó gbin igi ti kú, ewé ti di ilẹ̀, ìda rẹ̀ ṣì ń jẹ́rìí.

Lọ́dún 2009, Timothy Shanahan, Jonathan Overpeck àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé àbájáde wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science, nípa ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 ọdún. Ọ̀dá tó mú Sahel láti ìparí àwọn ọdún 1960 títí wọ àwọn ọdún 1980, tó pa màlúù àti ènìyàn, tí àwọn àgbà wa kà sí ọ̀dá tó burú jù, kéré lójú ẹrẹ̀ yìí. Láti nǹkan bí ọdún 1400 sí nǹkan bí ọdún 1750, ọ̀dá tó gùn jù ú lọ ló wà nílẹ̀. Omi Bosumtwi fà débi pé igi hù sórí ilẹ̀ tó gbẹ, wọ́n dàgbà, wọ́n di igi ńlá. Nígbà tí òjò padà, omi ga, ó bo wọ́n. Orí àwọn igi náà ṣì yọ lójú omi títí di òní, gbígbẹ, láìléwé, àwọn apẹja sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lórí pákó.

Àwọn Àṣáńtì ní ìtàn pé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Akora Bompe, ará Asaman, ló lé ẹtu kan débẹ̀ lọ́dún 1648, tí ẹran náà sì wọ inú omi kékeré kan lọ. Omi kékeré. Ọdún tí ìtàn náà dárúkọ bọ́ sáàárín àwọn ọdún tí ẹrẹ̀ sọ pé adágún fà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kì í ṣe ẹ̀rí bí ọ́síjìn ṣe jẹ́ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ara mi yá gágá nígbà tí mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ní àwọn ọdún yẹn gan-an, ta ni wá? Wọ́n ti lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, ọba ti jẹ ní Ìgbòho, wọ́n ti padà, Ọ̀yọ́ ti ń di ìlú ẹlẹ́ṣin. Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ní àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni Ṣọ̀ún Ògúnlọlá tẹ̀dó sábẹ́ igi àjàgbọn. Mi ò sọ pé ọ̀dá ló dá Ọ̀yọ́ ró o. Bosumtwi jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ju 600 kìlómítà lọ, òjò ibẹ̀ kì í sì í ṣe òjò ibí. Síbẹ̀, ẹṣin kì í pẹ́ níbi tí eṣinṣin tsetse bá pọ̀ sí, ibi tútù tí igbó ṣú sí ni eṣinṣin yẹn sì fẹ́ràn. Bí ọ̀dàn bá gbẹ díẹ̀ sí i láyé ìgbà náà, tí igbó sì fà sẹ́yìn díẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́ṣin á gùn sí i. Ó yẹ kí àwọn tó ń kọ ìtàn wa jókòó ti àwọn tó ń ka ẹrẹ̀, kí wọ́n jọ wò ó. A ti kọ ìtàn ogun, a ti kọ ìtàn oyè. Ti ojú ọ̀run tí gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ la ò tíì kọ tó.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi jókòó kọ eléyìí jìnnà ju Ọ̀yọ́ lọ. Lọ́dún 2015, Shanahan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé iṣẹ́ mìíràn jáde nínú Nature Geoscience, ìda ewé láti inú ẹrẹ̀ Bosumtwi ni wọ́n fi ṣe é, ó sì padà sẹ́yìn dé 20,000 ọdún. Ayé tutù nígbà yẹn, yìnyín bo apá òkè Amẹ́ríkà àti Yúróòpù mọ́lẹ̀, òjò ilẹ̀ wa sì kéré. Ayé wá bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Ní nǹkan bí 14,800 ọdún sẹ́yìn, òjò dé ní tòótọ́. Aṣálẹ̀ Sàhárà hu koríko, erinmi lúwẹ̀ẹ́ níbi tó jẹ́ yanrìn lónìí, adágún Chad tóbi ju 300,000 kìlómítà níbùú lóòró lọ. Ọkọ̀ igi tí darandaran kan ṣalábàápàdé rẹ̀ nínú ilẹ̀ ní Dufuna, Ìpínlẹ̀ Yobe, lọ́dún 1987, nǹkan bí 8,000 ọdún ni ọjọ́ orí rẹ̀. Omi wà níbẹ̀ tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, ẹni tí Thurstan Shaw hú egungun rẹ̀ jáde ní Ihò Eléérú, nítòsí Àkúrẹ́, lọ́dún 1965, ti gbé ayé ó lé ní 11,000 ọdún sẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kí òun pẹ̀lú ti wo ojú ọ̀run bí a ṣe ń wò ó, kó máa ronú bóyá yóò ṣú.

Ẹ dúró díẹ̀ níbi ooru yẹn. Kò lọ tààrà. Ní nǹkan bí 12,900 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ayé ti ń móoru lọ dáadáa, òjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tún dáwọ́ dúró, ó sì lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kó tó padà. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé yìnyín tó ń yọ́ ní apá òkè Amẹ́ríkà ló da omi tí kò níyọ̀ sínú Òkun Àtìláńtíìkì, tó fi mú ìṣàn omi gbígbóná tó ń lọ sókè rẹ̀wẹ̀sì. Omi òkun tó wà lókè tutù, ìgbànú òjò fà sí gúúsù, a sì fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ ní gbígbẹ. Yìnyín tó yọ́ ní òdìkejì ayé ló pa àwọn igi etí Bosumtwi lóùngbẹ. Ohun tí ìda ewé wí nìyí: nígbà tí ìṣàn òkun bá yí padà, òjò ilẹ̀ adúláwọ̀ ń tẹ̀ lé e, kì í sì í pẹ́ tó fi ń tẹ̀ lé e.

Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé kan pé kí ló dé tí à ń bẹ̀rù ooru ayé, ṣebí nígbà tí ayé móoru láyé àtijọ́, Sàhárà hu koríko. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Láyé ìgbà náà, ìyípo ayé ló mú oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn ará òkè súnmọ́ wọn, tí ilẹ̀ fi gbóná, tí ó fi fa afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin láti orí òkun wá. Nígbà tí oòrùn yẹn ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òjò fà padà sí gúúsù. Àríwá ló kọ́kọ́ gbẹ, àwa tó wà nísàlẹ̀ gbẹ tẹ̀ lé e. Ooru tòní yàtọ̀. Èéfín epo bẹtiróòlù àti èédú ló mú un wá, ó sì ń mú àtòkun àtilẹ̀ móoru pọ̀. Yìnyín Greenland náà tún ti ń yọ́, ó ń da omi tí kò níyọ̀ sínú Àtìláńtíìkì kan náà. Ẹni tó bá fi Sàhárà àtijọ́ ṣe ìlérí fún àgbẹ̀ òní kò ka ẹrẹ̀ náà dé ìdí.

Ọ̀rọ̀ òkun yìí kò sì jìnnà sí Ọjà Igbó bí ènìyàn ṣe lè rò. Ìsinmi òjò tó ń wà ní oṣù kẹjọ, tí àgbàdo kejì ń retí kó kọjá, òkun ló wà nídìí rẹ̀. Ní àkókò náà, ìgbànú òjò á ti gòkè lọ sí Sahel, omi tútù á sì rú láti ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun Gánà àti Côte d'Ivoire, tí kò ní jẹ́ kí ìkùukùu rí ooru fà sókè. Bí omi tútù yẹn bá pẹ́ lọ́dún kan, ìsinmi á gùn. Àgbẹ̀ tí kò rí òkun rí láyé rẹ̀ ń jẹ nínú ọwọ́ òkun.

Mo rántí ohun kan tó ń dùn mí. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà lé àwọn ọmọ Gánà jáde, wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan. Ọdún yẹn gan-an ni ọ̀dá mú Gánà, tí iná ń jó oko kòkó, tí oúnjẹ sì di ohun àwárí. A lé wọn wọ inú ebi. Ìyá Kùmásì sunkún fún wọn lọ́dún náà. Wọ́n ní àwọn mọ bó ṣe rí láti dé ilé lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ nígbà tí àwọn dé tiwọn.

Ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé a kò ní adágún jíjìn tó rí bí Bosumtwi nílẹ̀ Yorùbá. Èyí tó sún mọ́ wa ni Sélé, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Ulrich Salzmann àti Philipp Hoelzmann ti rí i nínú lẹ́búlẹ́bú òdòdó pé igbó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ọ̀dàn gbà á lójijì ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn. Àlàfo tí igbó fi sílẹ̀ láàárín Gánà àti Nàìjíríà wà títí di òní. Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Ṣówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn ló là wá lọ́nà. Nínú ẹrẹ̀ ìpadò Niger ló ti rí lẹ́búlẹ́bú òdòdó ọ̀pẹ tó pọ̀ sí i láti nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn, igbó ṣí, àwọn ènìyàn sì ń dáko. Obìnrin kan tó jókòó ti ẹ̀rọ ní Ìbàdàn, tó ń ka ohun tí ojú lásán kò lè rí, ló sọ fún wa ìgbà tí ọ̀pẹ wa di púpọ̀. Ó yẹ kí àwọn ọmọ iléèwé gíga LAUTECH mọ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ orúkọ olórin.

Ẹrẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa tó ṣeé kà. Ìdí ìdídò Ọ̀bà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ti àwọn ọdún tí àwọn òbí wa fojú rí, a sì lè fi ìwé òjò wò ó bóyá ohun tó ń sọ bá a mu. Ti àtijọ́, inú ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé ni mo máa ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, sí ibú Ìbúyà àtàwọn àbàtà tó wà láàárín òkúta níbẹ̀. Àgbàrá lè ti gbọ́n òmíràn nínú wọn lọ, àmọ́ páìpù kan tó gùn tó mítà mélòó kan ti tó láti mọ̀. Bí wọ́n bá rí ìda ewé láti ìgbà tí ẹṣin Aláàfin ń jẹko níbẹ̀, àwa tí à ń ṣe àríyànjiyàn òjò ní Ọjà Igbó á ní ẹlẹ́rìí kan tó dàgbà ju bàbá gbogbo wa lọ, láti orí ilẹ̀ tiwa gan-an.